Ìṣẹ́tí Ni Mo Tú

Mọ́nsúrù gbé Kórólà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbógbó,
òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹrẹ̀ ṣì ń kán lára táyà.
Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fà á wálẹ̀.
Mo fẹ́ kó ba bí ológbò tó rí eku."

Mo tẹrí bọ abẹ́ ọkọ̀.
Wẹ́dà ti lẹ ọpọ́n epo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní, ta ló fi ayùn gé sípíríǹgì yìí?
Ó wolẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ òun ni, ní Ìpakodò, lálẹ́ ọjọ́ ìbí òun.
Gegele àkọ́kọ́ lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀ ló fà á ya,
epo ń ro láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn,
ìlà dúdú kan ṣoṣo, gbọọrọ,
tí ìyá rẹ̀ tọ̀ lówùúrọ̀
títí ó fi bá a nídìí ọkọ̀, tó ń sunkún.

Jókòó, mo ní.
Ọ̀nà tiwa kọ́ ni ọ̀nà inú fọ́tò.
Tiwa léyín.
Kòtò kan wà níwájú mọ́ṣáláṣí, Gbémimì là ń pè é;
bí o bá fa ọkọ̀ wálẹ̀ níwájú rẹ̀,
oúnjẹ lo gbé fún un.

Ṣùgbọ́n èmi náà ti ṣe ọmọdé rí.
Mo wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga lọ sílé àna mi,
gọ́tà ni wọ́n ti fà mí jáde.
Mo mọ ohun tọ́mọ yìí ń wá.
Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wá. Ojú ló ń wá.

Mo ju sípíríǹgì gígé sídìí ògiri,
mo fi tuntun sí i, ó ga bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é.
Ọkọ̀ na dìde bí ewúrẹ́ tó gbọ́ ariwo.
Inú bí Mọ́nsúrù. Mo ní, ṣe sùúrù.

Mo po rẹ́síìnì, mo tẹ́ fáíbà,
aṣọ funfun tí ń jẹ ara bíi wèrèpè.
Ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ mi ń yún, ọrùn mi ń yún,
ìyàwó mi ò jẹ́ kí n sún mọ́ òun.
Mo so ó mọ́ ìhà ọkọ̀, òsì, ọ̀tún, iwájú, ẹ̀yìn,
kò sí èyí tó rẹlẹ̀ ju irin abẹ́ rẹ̀ lọ.
Etí ìsàlẹ̀ nìkan ni mo fi rọ́bà ṣe,
túùbù katakata tó ti kú sóko lọ́nà Ìmọ̀ta.
Rọ́bà kì í bá òkúta jà.
Bí òkúta bá ní kó yà, á yà,
bó bá kọjá tán, á padà sípò.
Mo wá kun gbogbo ìsàlẹ̀ ní dúdú
kójú má mọ ibi tí ọkọ̀ parí sí
àti ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀: ilẹ̀ sí ikùn, ínṣì mẹ́fà ààbọ̀,
gẹ́gẹ́ bó ṣe wà kí ayùn tó dé.
"Ọ̀gá, ó ti wálẹ̀!"
Kò wálẹ̀.
"Mo ń rí i!"
Ojú rẹ ló wálẹ̀.

Ìyá mi ránṣọ títí ọjọ́ fi kanrí.
Bí ṣòkòtò ilé-ìwé mi bá kúrú,
kò bá ẹsẹ̀ mi wí rí,
ìṣẹ́tí ló máa ń tú.

A wà á lọ bá Gbémimì.
Ìyá Mọ́nsúrù jókòó sẹ́yìn, ó di ilẹ̀kùn mú, ètè rẹ̀ ń mì.
Táyà wọlé. Rọ́bà fẹnu ko etí kòtò,
ó dún ṣẹẹẹ, bíi sílípáàsì ẹni tí kò kánjú,
a sì jáde.
Ìyá ní ká dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀,
ó wo ilẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ń wá ìlà dúdú.
Ó pẹ́ kó tó nàró.
"Mọ́nsúrù," ó ní,
"èló lo ṣì jẹ ọ̀gá yìí?"